Ọdún Tí Wọ́n Yọ Plútò Kúrò Láàrin Àwọn Plánẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Kpogan tí a ń gbé, lẹ́bàá Lomé ní Togo, òórùn ẹja gbígbẹ ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Afẹ́fẹ́ á gbé e wá láti etí òkun, á kọjá lórí títì tó lọ sí Aného, á wọ àgbàlá wa, á sì bá ooru ablò ìyá mi pàdé. Ẹni tí kò bá mọ ablò nínú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ fún un: ìyẹ̀fun àgbàdo àti ìrẹsì ni, tí a fi ṣúgà díẹ̀ sí, tí a sì fi ooru omi sè títí yóò fi wú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyá mi a máa tà á pẹ̀lú ẹja díndín àti ata. Iṣẹ́ tèmi ni láti fọ àwọn agolo kéékèèké tí a fi ń sè é, kí n tó lọ sílé ìwé àti nígbà tí mo bá dé. Títí di òní, bí mo bá rí agolo tòmátò tó ṣófo, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ máa wá kànìnkànìn.

Bàbá mi ń jó irin pọ̀ lẹ́bàá títì. Géètì, fèrèsé, àga, ohun tó bá ti jẹ́ irin, á bá yín jó o pọ̀. Ọmọ Sakété ni, ní ilẹ̀ Benin, Mùsùlùmí ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ gan-an, ẹ mọ̀ pé àlejò wá. Ariwo òòlù sì ti ń bá etí rẹ̀ jà láti ìgbà èwe rẹ̀, nítorí náà a máa ń pariwo bá a sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀ wá láti Atakpamé, níbi tí wọ́n ti ń sọ Ifẹ̀, èdè tó jẹ́ ìbátan Yorùbá, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Nàgó bàbá, Ifẹ̀ ìyá, àwa ọmọ á pò ó pọ̀, a ó fi Mina, èdè ọjà Lomé, ṣe iyọ̀ rẹ̀, a ó fi Faransé ṣe ata. Àwọn tó bá ti Nàìjíríà wá kí wa a máa fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Yorùbá wa dà bí ẹja tó légungun.

Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwa ọmọ. Gàníyù ló tẹ̀ lé mi, lẹ́yìn rẹ̀ Sẹ́kínà, lẹ́yìn rẹ̀ Múfú. Ẹ ó ti gbọ́ ọ nínú orúkọ wọn pé ọmọ Mùsùlùmí ni wọ́n. Èmi ń jẹ́ Ajówá, orúkọ tí wọ́n ń fún ọmọbìnrin tí a bí lọ́jọ́ Ajé ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa ní Togo. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni ìyá mi pọ̀n mí sí wá sí Lomé, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú ní Atakpamé, kó tó di pé ó bá bàbá mi yìí pàdé. N kò tíì mọ ìrìn nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún mi, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó láti sọ ọ́. Ṣé ẹ sì mọ̀ pé orúkọ àkọ́bí ni a fi ń pe òbí láàrin wa. Àwọn ará àdúgbò, tó jẹ́ pé èmi ni ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú ilé náà, ń pe bàbá mi ní Bàbá Ajówá. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá ti Sakété dé, Bàbá Gàníyù ni wọ́n ń pè é. Ó ń jẹ́ méjèèjì. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀ bí ọmọdé ti ń ṣàkíyèsí nǹkan, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó dàgbà ní Lomé, ẹ ó rántí bí iná ṣe máa ń lọ nígbà náà, tí gbogbo àdúgbò á ṣókùnkùn, tí àwọn ọmọdé á sì hó yèè bí ẹni pé ọdún dé. A ó tẹ́ ẹní sí àgbàlá lẹ́yìn tí bàbá bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ìyá mi á gbé àkúmẹ, òkèlè àgbàdo wa, àti ọbẹ̀ ẹ̀pà kalẹ̀, a ó máa wòkè. Ìyá mi ló fi Àgùàlà hàn wá, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń tàn nítòsí òṣùpá. Ó ní àwọn àgbà máa ń wí pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Sẹ́kínà á ní òun rí ìrù rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé Mùsíyé wa ní Fẹ́nùsì ni orúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ìràwọ̀, plánẹ́ẹ̀tì ni. Ìyá mi ní kí n kí Mùsíyé, kí n sì jẹun kí ọbẹ̀ tó tutù.

Mùsíyé yìí ni olùkọ́ wa, ọkùnrin tín-ín-rín kan láti Kpalimé tó máa ń ki ṣọ́ọ̀kì bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, tí àyà rẹ̀ sì máa ń funfun nígbà gbogbo. Ó le. Bí a bá pariwo, a ó gbọ́ "À genoux!", a ó sì wà lórí eékún, ọwọ́ lókè, lórí yanrìn tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run ju oúnjẹ lọ. Àwọn tó ti jáde ṣáájú wa ti fi ọ̀dà ya oòrùn àti plánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án sára ògiri ilé ìwé. Júpítà tóbi bí abọ́ tí a fi ń po àkúmẹ, Plútò kéré bí ẹ̀wà, ó wà ní ìkángun ògiri lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi òjò ń gbà.

Mo sọ àwọn plánẹ́ẹ̀tì náà di eré nílé. Múfú ni a fi ṣe oòrùn, nítorí kò tíì lè sáré. A gbé e jókòó sáàárín àgbàlá, a fún un ní bisikíìtì kó má bàa sunkún, àwa yòókù á sì máa yí i po. Gàníyù mú Mẹ́kúrì tó ń sáré jù. Sẹ́kínà mú Júpítà nítorí ó fẹ́ràn oúnjẹ. Èmi mú Plútò, kò sì sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Mùsíyé ti sọ fún wa pé Plútò ló ń rìn jẹ́jẹ́ jù, pé bí ọmọ bá wáyé lọ́jọ́ tí Plútò bẹ̀rẹ̀ sí í yí oòrùn po, ọmọ náà á dàgbà, á darúgbó, á kú, Plútò kò ní tíì dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ nígbà tí àwọn tó kù ń sáré, ta ni yóò tún jẹ́ bí kò ṣe àgbà? Àwọn ọmọ Ewe ní kíláàsì ń wá èyí tó tóbi jù, àwa ọmọ Nàgó ti ń wá ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń káwọ́ sẹ́yìn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà bí alhájà tó ń lọ kírun Jímọ̀.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé lẹ́yìn ìsinmi gígùn, a bá ẹfun funfun lójú Plútò lára ògiri. Mùsíyé fúnra rẹ̀ ló kùn ún. Ó dúró níwájú wa, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ìgbéyàwó, ó ní, "Pluton, c'est fini! Elles sont huit." Ti Plútò ti parí, mẹ́jọ ni wọ́n báyìí. Ẹnì kan bi í pé kí ni Plútò ṣe.

Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ní láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò sẹ́ni tó jókòó sọ ohun tí plánẹ́ẹ̀tì jẹ́ gan-an, kálukú kàn rò pé òun mọ̀ ọ́n ni. Àfìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ alágbára wo òkèèrè, tí wọ́n wá rí i pé ní agbègbè ibi tí Plútò ń gbé, irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, àwọn òkúta oníyìnyín. Wọ́n rí ọ̀kan tó jọ pé ó tilẹ̀ tóbi jù ú lọ. Bí Plútò bá jẹ́ plánẹ́ẹ̀tì, kí ni wọn yóò pe èyí? Kí ni wọn yóò pe àwọn tí wọn kò tíì rí? Ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ bá pàdé ní ìlú kan ní Yúróòpù, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n dìbò. Wọ́n ní ohun tó bá fẹ́ jẹ́ plánẹ́ẹ̀tì níbi oòrùn tiwa gbọ́dọ̀ yege nínú nǹkan mẹ́ta. Kó máa yí oòrùn po, kì í ṣe kó máa yí plánẹ́ẹ̀tì mìíràn po bí òṣùpá. Kó tóbi débi pé ìwúwo ara rẹ̀ yóò sọ ọ́ di róbótó. Kó sì ti gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́, kó jẹ́ pé òun ló ni ọ̀nà náà. Plútò yege nínú méjì, ìkẹta ló dá a dúró. Wọ́n wá ní kó máa jẹ́ plánẹ́ẹ̀tì aràrá, kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ gàgàrà kan tó ń jẹ́ Kòkú ní ẹ̀yìn kíláàsì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kó kúnlẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mùsíyé ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ní bí ẹ bá wò ó dáadáa, ọ̀nà tí Plútò ń gbà pàápàá dagun sí tàwọn yòókù, pé ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn ló ti wá, àwa la kàn kà á mọ́ wọn. Mo wo ẹfun lára ògiri láti ojú fèrèsé, ó sì dà bíi pé èmi ni wọ́n kùn.

Kí n tó délé, Gàníyù tó wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀ ti gbọ́, ó ti ròyìn. Dáàví ni àwọn àbúrò mi ń pè mí, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Lomé. Ó pàdé mi lẹ́nu géètì, ó ní, "Dáàví, wọ́n ní ẹ ò sí nínú wọn mọ́ o!" Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ rí i, ṣùgbọ́n èébú wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ fọ agolo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já mi láyà. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin kan ni, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sì ti ń sún mọ́lé. Nínú ẹbí bàbá mi, àkọ́bí ilé ló máa ń gbé ọmọ tuntun jáde láti inú yàrá wá sáàárín àwọn ènìyàn, kó gbé e fún alùfáà. Èmi ni mo gbé Múfú. Ṣùgbọ́n nígbà náà Gàníyù ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Sakété, kò sì lè wá. Ní báyìí Gàníyù ti lè gbé garawa omi, Ìyá Sakété sì ti ní òun ń bọ̀. Nígbà tó wá gbẹ̀yìn, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé ìdáná tó ń sọ fún ẹni tó bá a wá, bó ti ń yọ egungun ẹja lẹ́nu, pé, "Gàníyù ni àkọ́bí bàbá rẹ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n, ó bá ìyá rẹ̀ wá ni." Kò fi ìkà sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀ ni.

Ǹ bá lọ bi bàbá mi pé ọmọ mélòó ni ó ní. Àmọ́ a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìyá mi ì bá yọ etí mi kúrò. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan mẹ́ta ti Mùsíyé wo ara mi. Ti àkọ́kọ́ rọrùn: ta ló ń yí bàbá mi po bí kò ṣe èmi? Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un níbi iṣẹ́, èmi ni mo ń gbé omi ìwẹ̀ sí i. Ti èkejì le díẹ̀, nítorí mo tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí n lè di róbótó. Mo jẹ ablò tó kù, mo jẹ èyí tí kò kù, títí inú fi ń lọ́ mi tí ìyá mi fi fún mi ní oògùn ewé kíkorò mu. Ti ìkẹta ló kó mi sí wàhálà. Mo pinnu pé kálukú gbọ́dọ̀ yà fún mi lọ́nà. Lẹ́bàá kànga mo ní kí Gàníyù sún, kò sún, mo sún un fúnra mi, garawa rẹ̀ dà nù, ó ré lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìyá mi kò bi wá léèrè ẹjọ́. Ó ní kí àwa méjèèjì kúnlẹ̀ lójú oòrùn, ká di etí ara wa mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n tó ń ti àbúrò, àbúrò náà á máa ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ wà níbẹ̀." A di etí ara wa mú títí ẹ̀rín fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa wá. Gàníyù bi mí pé kí ló ṣe mí gan-an ná. Mo ní kò sí.

Ìyá Sakété dé lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú iṣu, epo àti ohùn rẹ̀ tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. A kúnlẹ̀ kí i. Ó fún kálukú ní ṣúgà onígun, ó fún mi ní tèmi pẹ̀lú, ó wo Gàníyù láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin mi ti dàgbà! Ìwọ ni wàá gbé àbúrò rẹ jáde lọ́la." Gàníyù wò mí. N kò lè jẹ ṣúgà náà, ó yọ́ sọ́wọ́ mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àgbàlá kún. Alùfáà ti jókòó sórí ẹní, àwọn ará àdúgbò ti tò, Mùsùlùmí àti Kristẹni, bonjour níhìn-ín, ẹ kú oríire lọ́hùn-ún. Bàbá mi wà lẹ́bàá géètì, ó ń fi okùn so tapólì tí oòrùn kò fi ní pa àlejò. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi, mo ti wọ aṣọ mi tó dára jù, mo sì ti pinnu pé n kò ní sunkún níwájú ènìyàn.

Ìyá Sakété jáde sí àgbàlá. Ó ké pe bàbá mi: "Bàbá Gàníyù! Sọ fún wọn kí ọmọ náà wá gbé àbúrò rẹ̀." Bàbá mi ń so okùn. Ó tún un ké: "Bàbá Gàníyù!" Bàbá mi fa okùn náà, ó wò ó bóyá ó le, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í so òmíràn. Àwọn ènìyàn ní etí ló fà á, ariwo òòlù. Ìyá Sakété sún mọ́ ọn, ó ké e bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Kò yíjú. Mo bojú wo inú yàrá, mo rí ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Ni Dàdá Kòkóè, obìnrin tó ń ta èédú ní ọ̀kánkán wa, bá sọ láti ibi tó jókòó sí, kò tilẹ̀ pariwo, pé, "Papa Ajówá, wọ́n ń pè yín o."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni bàbá mi dáhùn, ó sì yíjú sí wa. "Kí ló dé?"

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Sakété dúró, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo àbúrò rẹ̀. Bàbá mi náà wò ó, jẹ́jẹ́, láìsí ìjà lójú rẹ̀. Ìyá Sakété mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá Ajówá, ta ni kó gbé ọmọ jáde?"

Bàbá mi ní, "Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ yẹn ni, ẹ̀gbọ́n mi." Ó sì padà sídìí okùn rẹ̀.

Ìyá Sakété ní láti kékeré ni olóríkunkun yìí ti ń bá òun jà, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá, ó ṣí gèlè tuntun tó wà lórí ara rẹ̀, ó fi wé ọmọ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ara ọmọ náà gbóná, ó ń ta sánsán òrí àti ọṣẹ. Gàníyù ló ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà fún mi, ó sọ sí mi létí pé òun ò tilẹ̀ fẹ́ gbé e tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ń ba òun kó má já bọ́. Mo jáde sínú oòrùn, ọmọ náà fún ojú pọ̀, ó sín. Gbogbo ènìyàn ní "Àlàáfíà!" Ẹkún tí mo ti pinnu pé n kò ní sun, mo sun ún, àmọ́ kì í ṣe èyí tí mo ti ń bẹ̀rù. Ara mi fúyẹ́ bí ìgbà tí a bá sọ ẹrù omi kalẹ̀ lórí ẹni lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ náà mo jẹun bí mo ti máa ń jẹun, mo sì sùn kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa.

Ayé ti yí padà. Ọmọ tí mo gbé jáde lọ́jọ́ náà ti ga jù mí lọ, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ó sì ń pè mí ní Dáàví bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Légbassito, ní àríwá Lomé, ni mo ń gbé báyìí. Àwọn ọmọ mi kò mọ iṣẹ́ agolo fífọ̀, wọn kò kúnlẹ̀ lórí yanrìn rí. Bí wọ́n bá na fóònù sókè, á sọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run fún wọn. Plánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ni wọ́n bá nínú ìwé wọn, kò sì dùn wọ́n. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mẹ́sàn-án ni tiwa, wọ́n wò mí bí ẹni tó ní òun ti bá erin jẹun rí. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò, pé àwọn kan láàrin wọn ṣì ń wí pé ìdánwò kẹta yẹn kò tọ́, kí wọ́n dá Plútò padà. Wọ́n ti rán ẹ̀rọ kan kọjá nítòsí rẹ̀, ó ya àwòrán rẹ̀ wá, ó sì rẹwà. Kí wọ́n máa bá ìpàdé wọn lọ, ọkàn mi ti balẹ̀ ní tèmi.

Àwa òbí òde òní máa ń sọ ọ́ jáde. Láàárọ̀, lálẹ́, lórí fóònù, a ó sọ fún ọmọ pé a fẹ́ràn rẹ̀, a ó fi àwòrán ọkàn pupa tẹ̀ lé e. Ó dára, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn òbí wa, ẹnu kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wà nílé ní Kpogan, ó ń sinmi. Kò tíì sọ fún mi rí, títí di òní tí mo ń kọ èyí, pé ọmọ òun ni mo jẹ́. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà, kò tún wá sí mi lọ́kàn láti béèrè.